Ilé BTC yàrá méjì ní Kétu: kí ló yẹ kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ ṣe?

ỌmọÌdènà béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ilé mẹ́rìnlá ni wá. Iṣẹ́ àṣeparí ọdún yìí ni pé kí á fọwọ́ ara wa kọ́ ilé kan nítòsí Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin, irú ilé tí ìdílé àgbẹ̀ máa lè rówó kọ́ òmíràn bíi rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kúrò níbẹ̀. Nínú àwòrán wa, ó gùn ní mítà 7, ó fẹ̀ ní mítà 4, ògiri ga ní mítà 2.80, ògiri kan là á sí yàrá méjì. Ilẹ̀kùn 3, fèrèsé 4. BTC (brique de terre comprimée), ìyẹn bíríkì ilẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, la fẹ́ fi mọ ọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀ ọlọ́wọ́ kan wà nílẹ̀, bíríkì tó ń yọ jẹ́ 29.5 × 14 × 9.5 ní sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ pupa ni ilẹ̀ ibẹ̀.

Báwo la ṣe ń mọ ilẹ̀ tó dáa? Bíríkì mélòó, àpò sìmẹ́ńtì mélòó? Ṣé kí á rẹ́ ògiri ni àbí kí á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Olùkọ́ wa tún ní àwa fúnra wa ni ká kan òrùlé, ẹ̀rù ìyẹn sì ń bà wá díẹ̀. Ìparí oṣù kọkànlá la fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

YangíPupa dáhùn:

Ẹ kú ìmúra, àbúrò. Kí á tó dé orí iye bíríkì, ẹ gbé àwòrán yẹn padà sórí tábìlì, torí bíríkì yín ò mọ ohun tó ń jẹ́ mítà 4.

Bíríkì 29.5 pẹ̀lú mọ́tà 1 jẹ́ 30.5. Ẹsẹ̀ tí ilé yín á máa gbé nìyẹn: ẹsẹ̀ kan jẹ́ bíríkì kan pẹ̀lú mọ́tà rẹ̀, kì í ṣe ẹsẹ̀ bàtà o. Ògiri láti ìta dé ìta jẹ́ 30.5 lọ́nà iye bíríkì, kí ẹ wá yọ 1, torí bíríkì ìkẹyìn ò ní mọ́tà lẹ́yìn. Mítà 7 yín bọ́ sí i: ẹsẹ̀ 23 jẹ́ 700.5. Mítà 4 ni kò bọ́ sí i. Ẹsẹ̀ 13 jẹ́ 395.5, ẹsẹ̀ 13 àbọ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 4.11. Bí ẹ bá rin kinkin mọ́ mítà 4 géérégé, ẹ ó máa gé bíríkì ní gbogbo ìlà, láti ìlà kìíní dé ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n. BTC kì í sì í gé dáadáa. Ibi tó wù ú ló ń gbà là. Ẹ yà á sí 4.11.

Fún àlàfo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, fífi 1 kún un ni, kì í ṣe yíyọ: ilẹ̀kùn ẹsẹ̀ 3 jẹ́ 92.5, fèrèsé ẹsẹ̀ 4 jẹ́ 123. Ní gíga, ìlà kan jẹ́ 10.5. Ìlà 20 bọ́ sí mítà 2.10 láìṣẹ́kù, ibẹ̀ ni orí ilẹ̀kùn àti orí fèrèsé á ti pàdé. Bí fèrèsé bá gbéra lórí ìlà 10, gíga tiẹ̀ náà á jẹ́ 1.05. Ìlà 27 ni orí ògiri, 2.835, kì í ṣe 2.80. Ààbọ̀ bíríkì tí ẹ máa lò ní etí ilẹ̀kùn, inú ẹ̀rọ ni kí ẹ ti tẹ̀ ẹ́: ẹ ki pákó líle kan sínú àpótí ẹ̀rọ kí ó dí ìdajì. Ẹ má gé e.

Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, bí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ó ku nǹkan bíi mítà 61 níbùú-lóròó ògiri. Mítà kan níbùú-lóròó ń jẹ bíríkì 31 àti díẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sún mọ́ 1,900. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, torí ọwọ́ yín ò tíì mọ́ iṣẹ́ náà: 2,100.

Ó kan ilẹ̀. "Ilẹ̀ pupa" kì í ṣe ìdáhùn. Ilẹ̀ pupa tí àwọn onífaransé ń pè ní terre de barre wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó wà ní Pọ́bẹ̀, ó wà ní Kétu, ṣùgbọ́n nínú oko kan ṣoṣo, ihò méjì tó fi ogún mítà jìnnà síra lè yàtọ̀. Ẹ ha ilẹ̀ òkè tó dúdú kúrò títí ẹ ó fi bá ilẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò mọ́, ó máa ń tó 50 sẹ̀ǹtímítà. Ilẹ̀ dúdú yẹn ní ewé jíjẹrà nínú, kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì gan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣe mẹ́ta wọ̀nyí, kò sì sí èyí tó ń ná yín lówó.

Ìgò: ẹ rọ ilẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò olójú gbòòrò, ẹ bu omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀. Ohun tó bá rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan ni yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́. Ẹ fàlà sí ara ìgò. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ tún fàlà: iyẹ̀pẹ̀ tó kúnná nìyẹn. Amọ̀ gan-an, ó di ọjọ́ kejì kó tó sọ̀ kalẹ̀. Kí yanrìn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí amọ̀ wà ní àyíká ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹ rántí pé amọ̀ máa ń wú nínú omi, torí náà ìgò máa ń fi amọ̀ hàn ju bó ṣe pọ̀ tó lọ.

Ọ̀pá: ẹ po ilẹ̀ tí ẹ ti jọ̀ pẹ̀lú omi díẹ̀, ẹ yí i di ọ̀pá tó nípọn ní 3 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ máa tì í díẹ̀díẹ̀ kúrò létí tábìlì. Bí ó bá já kó tó yọ 5 sẹ̀ǹtímítà, yanrìn ti pọ̀ jù. Bí ó bá yọ ju 15 lọ kó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù. Àárín rẹ̀ ni ẹ ń wá.

Àpótí: èyí ló ń sọ iye sìmẹ́ńtì. Pákó tí inú rẹ̀ gùn ní 60, tó fẹ̀ ní 4, tó jìn ní 4 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi òróró pa inú rẹ̀, ẹ ki ilẹ̀ rírọ̀ kún un, ẹ gbé e sóòrùn fún ọjọ́ 3 tàbí síbòòji fún ọjọ́ 7. Ẹ wá ti ilẹ̀ gbígbẹ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ wọn àlàfo tó kù. Bí àlàfo kò bá tó mìlímítà 15, garawa sìmẹ́ńtì 1 sí ilẹ̀ 18. Láti 15 sí 30, 1 sí 16. Láti 30 sí 45, 1 sí 14. Láti 45 sí 60, 1 sí 12. Bí ó bá ju 60 lọ, ẹ da yanrìn mọ́ ọn kí ẹ tún un ṣe, ẹ má rò pé sìmẹ́ńtì ló máa gbà yín.

Ìyá_Alámọ̀ dáhùn:

YangíPupa ti sọ orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sídìí ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ ni bíríkì ti ń bàjẹ́.

Ẹ má fi àpò odidi pò. Sìmẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ní kété tí omi bá kàn án, ohun tí ẹ kò bá tẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹ gbà pé ó ti kú. Garawa lítà 10 ni kí ẹ fi wọ̀n: sìmẹ́ńtì garawa 1, ilẹ̀ jíjọ̀ garawa 16. Ìyẹn á fún yín ní bíríkì bíi 25, ó sì bọ́ sínú àkókò. Àpò sìmẹ́ńtì kan ń fún yín ní garawa 3 àbọ̀, nǹkan bíi bíríkì 88. Bíríkì 2,100 á gba àpò 24. Ajọ̀ tí ojú rẹ̀ ò ju mìlímítà 5 ni kí ẹ fi jọ ilẹ̀.

Gbígbẹ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ po ilẹ̀ àti sìmẹ́ńtì, kí àwọ̀ rẹ̀ di ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá fi agolo oníhò wọ́n omi. Bí ẹ bá da omi sí i láti inú garawa, ó máa di kókó, kókó yẹn á sì di ihò nínú bíríkì. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé omi ti tó? Ẹ fún un ní àtẹ́lẹwọ́ di bọ́ọ̀lù, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ líle láti gíga àyà. Tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìyẹ̀fun, omi kò tó. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ láìfọ́, omi ti pọ̀. Mẹ́rin tàbí márùn-ún ló yẹ kó fọ́ sí. Gbogbo àpòpọ̀ ni kí ẹ ṣe é fún, kì í ṣe ti àárọ̀ nìkan. Oòrùn ọ̀sán ń fa omi lójú yín.

Ohun tí bíríkì bá fi hàn yín lẹ́nu ẹ̀rọ: bí igun rẹ̀ bá ń wó, ó gbẹ jù. Bí ó bá ń lẹ̀ mọ́ àpótí, ó tutù jù, tàbí ẹ ti gbàgbé láti fi òróró pa á. Bí ó bá là ní ìbú bí àkàrà tí a gé sí méjì, ẹ ti ki ilẹ̀ jù sínú rẹ̀, tàbí amọ̀ ti pọ̀. Bí gíga wọn bá ń yàtọ̀ síra, ẹni tó ń bu ilẹ̀ ni kò fi ohun kan náà bù ú. Ẹ wá agolo kan tó ń gba ìwọ̀n bíríkì kan pérépéré, òun nìkan ni kí ẹ máa fi bu ilẹ̀ sẹ́rọ. Gbogbo bíríkì kẹwàá ni kí ẹ wọ̀n: 9.5, kò gbọdọ̀ fi ju mìlímítà 2 kéré tàbí tóbi. Mìlímítà 2 dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹ kà á lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Ìtọ́jú rẹ̀ ṣe pàtàkì ju ìtẹ̀ lọ. Ọyẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àsìkò tí ẹ mú yẹn. Ara ìta bíríkì á gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù, á sì là bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà. Ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́ ni kí ẹ ti fi ọ̀rá bò ó, lábẹ́ ibòji, kí ọ̀rá náà kan ilẹ̀ níbi gbogbo. Ọjọ́ 7 ni kó fi wà lábẹ́ ọ̀rá, kí ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ṣí ọ̀rá láàárọ̀ tí ẹ kò rí ìrì nínú rẹ̀, omi kò tó. Ẹ má tò ó ju márùn-ún lọ lórí ara wọn kí ọjọ́ 7 tó pé. Ọjọ́ 28 kó tó dé orí ògiri.

Pínpín iṣẹ́ fún ẹ̀yin mẹ́rìnlá: mẹ́rin fún wíwà àti jíjọ̀, mẹ́ta fún wíwọ̀n àti pípò, mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ, mẹ́ta fún gbígbé àti bíbò, ọ̀kan fún ìwé. Ẹ máa yí i po lójoojúmọ́. Ẹni tó wà nídìí ìwé kì í ṣe ọ̀lẹ o: ìṣó ni yóò fi kọ nọ́ńbà àpòpọ̀ sí ẹ̀yìn bíríkì kan nínú àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì kọ iye omi àti wákàtí sílẹ̀. Bí bíríkì bá fọ́ lóṣù kìíní, nọ́ńbà yẹn ló máa sọ ìdí. Ọjọ́ kìíní, bí ẹ bá rí 150 tẹ̀, ẹ kú iṣẹ́. Nígbà tó bá máa fi di ọjọ́ kẹrin, 300 ò ní le mọ́.

Ẹ̀yìn ọjọ́ 28, ẹ mú bíríkì méjì nínú àpòpọ̀ márùn-ún tí ẹ ṣà. Ẹ fi ọ̀kan sínú omi mọ́jú. Ẹ gbé wọn lé irin méjì tó fi 25 sẹ̀ǹtímítà jìnnà síra. Èyí tó gbẹ gbọ́dọ̀ gba ènìyàn méjì lórí, èyí tó tutù gbọ́dọ̀ gba ẹnì kan, ó kéré tán. Èyí tí ẹ bá lè fi ìṣó wa inú rẹ̀ bí ẹ̀kọ lẹ́yìn tó sùn nínú omi, gbogbo àpòpọ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ògiri.

Omi ńkọ́? Kànga Kétu jìn, ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣírò lítà 5,000 fún gbogbo iṣẹ́ ògiri, kí ẹ kó o sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

ỌmọÌdènà:

A dúpẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. A ti ṣe àpótí náà fún ilẹ̀ láti ihò méjì. Ọ̀kan sún ní mìlímítà 22, èkejì sún ní 51. Ọ̀pá ti èkíní já ní 9 sẹ̀ǹtímítà, ti èkejì ní 17. Ṣé kí á po méjèèjì pọ̀?

Ìyá_Alámọ̀:

Rárá. Ihò tó sún ní 22 ni kí ẹ máa wà, 1 sí 16. Èkejì, ẹ fi í sílẹ̀ fún àjà àti fún rírẹ́ inú ilé. Ilẹ̀ tí ẹ nílò kò ju mítà 12 kúbíìkì nínú ilẹ̀ lọ: ihò 4 × 2, tó jìn ní 1.5 lẹ́yìn ilẹ̀ òkè. Ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ní àtẹ̀gùn kó má baà ya lé ẹnikẹ́ni lórí, kó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀. Ibi tí ẹ bá fi í sí ni ṣáláńgá ilé náà máa wà, torí náà ẹ yàn án bí ẹni tó ń yan ibi ṣáláńgá.

ỌmọṢábẹ̀ẹ́ dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lókè yìí kò ní wúlò bí omi bá ń gba ẹsẹ̀ ògiri wọlé. Bíríkì amọ̀ kì í kú láti orí, ìsàlẹ̀ ló ti ń kú.

Ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní 40 sẹ̀ǹtímítà ní fífẹ̀, 50 ní jíjìn. Níhìn-ín ní Ṣábẹ̀ẹ́, òkúta líle là ń kì sí i, àpáta pọ̀. Ní Kétu, ẹ lo yangí tó le, tí ẹ bá kan án mọ́ra wọn tó ń dún. Gbogbo gígùn ìpìlẹ̀ yín, pẹ̀lú ti àárín, jẹ́ nǹkan bíi mítà 25 àbọ̀, ó ń gba òkúta bíi mítà 5 kúbíìkì. Láti ojú ilẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tàbí yangí gbé e sókè 40 sẹ̀ǹtímítà. Omi tó ń ta láti ilẹ̀ nígbà òjò kì í sábà kọjá ibẹ̀. Lórí rẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn kí bíríkì àkọ́kọ́ tó jókòó, kí omi ilẹ̀ má baà gun ògiri.

Mọ́tà: ẹ má fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn líle mọ BTC. Mọ́tà tó le ju bíríkì lọ máa ń jẹ́ kí bíríkì là nígbà tí ilé bá mì. Mọ́tà tó rọ̀ díẹ̀ ni yóò là dípò rẹ̀, ẹ ó sì lè tún un dí. Sìmẹ́ńtì 1, ilẹ̀ tí ẹ jọ̀ kúnná 4, yanrìn 4. Ẹ máa wọ́n omi sára bíríkì kí ẹ tó gbé e lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fa omi inú mọ́tà mu. Kí ìlà má ju 10 lọ lójúmọ́. Gbogbo mọ́tà ògiri á gba àpò sìmẹ́ńtì 5.

Ògiri 14 sẹ̀ǹtímítà tín-ín-rín o. Ó ṣe é fún ilé ilẹ̀, bí kò bá gùn ju mítà 4 lọ kí ògiri míràn tó gbá a mú, tí chaînage, ìyẹn ìgbànú kọnkéré onírin, sì yí orí rẹ̀ po. Ògiri àárín yín ti bá yín yanjú ti mítà 7, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé bíríkì rẹ̀ wọnú bíríkì ògiri ńlá ní ìlà kan, fo ìlà kan. Ẹ má mọ ọ́n lẹ́yìn kí ẹ wá fi mọ́tà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Chaînage: 14 × 15, irin mìlímítà 10 mẹ́rin, òrùka irin 6 ní gbogbo 20 sẹ̀ǹtímítà. Irin 10 tó gùn ní mítà 12, ẹ ra mẹ́wàá, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti fi 50 sẹ̀ǹtímítà gun ara wọn. Àpò sìmẹ́ńtì 4. Níbi igun, ẹ tẹ irin gba igun kọjá. Mo ti rí chaînage púpọ̀ tí irin rẹ̀ dúró ní igun tí èkejì sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ìyẹn kò so ohunkóhun pọ̀.

Òrùlé. Kí chaînage tó gan, ẹ ri irin 6 sínú rẹ̀ ní gbogbo 60 sẹ̀ǹtímítà kí orí rẹ̀ yọ síta, òun ni ẹ máa fi di igi òrùlé. Ìjì tó ń ṣáájú òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin kì í ti òrùlé wó, gbígbé ló ń gbé e lọ. Ìṣó nìkan kò lè mú un. Kí etí páànù yọ kọjá ògiri ní 80 sẹ̀ǹtímítà. Ìṣó olórí agboòrùn, orí ọ̀wọ́ páànù ni ẹ máa kàn án sí, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Apá ibi tí afẹ́fẹ́ kì í ti í wá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, kí afẹ́fẹ́ má baà rí etí rẹ̀ gbá mú.

Ṣé ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kàn án? Ẹ gé e, ẹ tò ó, ẹ dì í nílẹ̀. Àmọ́ ẹni tó máa dúró lókè, kí ó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, kí ẹ̀yin máa gbé e fún un. Olùkọ́ yín ò ní bínú bí gbogbo yín bá padà sílé ní pípé.

Etí_Ọ̀sà dáhùn:

Láti Àjàṣẹ́ ni o. Mo bá ỌmọṢábẹ̀ẹ́ ṣe lórí gbogbo rẹ̀, àfi pé kò tíì dáhùn ti rírẹ́.

Ẹ rìn yí àwọn ilé Àgùdà tó wà ní àárín Àjàṣẹ́ níbí ká, ẹ ó rí i. Ògiri amọ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, chaux ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà náà, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n jó nínú iná. Ó ń jẹ́ kí ògiri mí. Nígbà tí wọ́n wá ń tún wọn ṣe, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lórí. Omi tó gba ẹsẹ̀ ògiri tàbí òrùlé wọlé kò rí ọ̀nà jáde mọ́, amọ̀ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì di ẹ̀kọ, sìmẹ́ńtì ọ̀hún sì ń bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi ìka kan ara ògiri bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Bó bá dún bí agbè òfìfo, ó ti ya.

Torí náà, ìta ilé yín: ẹ má rẹ́ ẹ. BTC tó kọjá ìdánwò omi tí Ìyá_Alámọ̀ sọ, pẹ̀lú etí òrùlé 80 sẹ̀ǹtímítà, kò nílò rẹ̀. Ẹ kàn fi irin tó yípo tẹ ojú mọ́tà wọlé kí ó dán. Ògiri tí òjò ń gbá jù lọ nìkan, bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi chaux 1 sí yanrìn 3 rẹ́ ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ̀ẹ̀kan má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Nínú ilé, ilẹ̀ ihò kejì yín 1 sí yanrìn 2 tàbí 3, pẹ̀lú koríko gígé wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ mítà kan níbùú-lóròó kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá là, ẹ fi yanrìn kún un.

Ti ooru: páànù lásán lórí yàrá, ẹni tó máa sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án oṣù kejì á fi yín bú. Francis Kéré, ayàwòrán ilé, ọmọ Gando ní Burkina Faso, akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Berlin nígbà tó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìlú rẹ̀ tó parí ní 2001. Ó gbé páànù kúrò lórí àjà, afẹ́fẹ́ ń gba àárín méjèèjì kọjá. Ilé yẹn ló fún un ní ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004; ó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022. Ẹ lè ṣe é ní kékeré: òpó kúkúrú lórí chaînage, àlàfo 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ fi wáyà olójú wẹ́wẹ́ dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nítorí àdán. Àjà náà, ẹ lo ọparun tàbí ògùrọ̀ kí ẹ fi amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ́ orí rẹ̀, bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Ikán ńkọ́? Igi òrùlé, ẹ wá tíìkì tó gbó, inú rẹ̀ tó pọ́n, kì í ṣe èyí tó funfun létí.

YangíPupa:

Àlàfo 30 dáa, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ga ju ìyẹn, ìjì á wọ abẹ́ rẹ̀, irin 6 tí ỌmọṢábẹ̀ẹ́ sọ kò ní tó mọ́.

Oníṣirò_Ilé dáhùn:

Ọ̀rọ̀ kan péré ni tèmi, lórí "ìdílé àgbẹ̀ lè rówó kọ́ irú rẹ̀." Ìyẹn lẹ máa fi tan ara yín jẹ bí ẹ kò bá ṣọ́ra.

Ní Alabama ní Amẹ́ríkà, Samuel Mockbee àti D. K. Ruth dá Rural Studio sílẹ̀ ní Yunifásítì Auburn ní 1993, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ ilé gidi fún àwọn aráàlú. Ní 2005 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí wọ́n fi iye owó pè, 20K: ilé tí gbogbo owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju dọ́là 20,000 lọ, torí iye tí ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba lè máa san díẹ̀díẹ̀ nígbà náà nìyẹn. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ wà ni pé nínú 20,000 yẹn, wọ́n ti ya owó òṣìṣẹ́ àti èrè agbaṣẹ́ṣe sọ́tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́ ọ kò gbowó. Ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n ní ó pọ́ọ́kú, owó bíríkì nìkan ni wọ́n sọ.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mẹ́rìnlá fún ọjọ́ 9 láti tẹ 2,100 jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ 126. Àwọn mẹ́fà tó mọ iṣẹ́, tó ń tẹ 300 lójúmọ́, á parí ní ọjọ́ 7, iṣẹ́ ọjọ́ 42. Iye tí ẹ máa kọ sínú ìwé ni 42 lọ́nà owó iṣẹ́ ojúmọ́ ní Kétu, kì í ṣe òfo, kì í sì í ṣe 126. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ fún mímọ, fún òrùlé, fún omi tí ẹ gbé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó tóbi jù. Bí ẹ bá rí i pé páànù, igi àti irin ló kó ọ̀pọ̀ owó, ẹ má ṣe tún máa dín sìmẹ́ńtì inú bíríkì kù láti fi dín owó kù. Àpò mẹ́ta tí ẹ bá yọ nínú 24 ò ní mú ilé náà rọrùn, yóò kàn bà á jẹ́. Ẹ dín ìlà òrùlé kù, ẹ jẹ́ kó rí bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí igi gígùn kan ṣoṣo wà tí gbẹ́nàgbẹ́nà abúlé lè rà láìbéèrè.

Àsìkò yín dáa. Bíríkì á parí ní àárín oṣù kejìlá. Kí ẹ gbẹ́ ìpìlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà lábẹ́ ọ̀rá. Ògiri láti àárín oṣù kìíní. Òrùlé kó tó di ìparí oṣù kejì. Òjò oṣù kẹta kò gbọdọ̀ bá ògiri láìní òrùlé.

ỌmọÌdènà:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìkan ló kù: bíríkì tó bá fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ ńkọ́?

Ìyá_Alámọ̀:

Bó bá fọ́ kí ìṣẹ́jú 45 àpòpọ̀ rẹ̀ tó pé, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tún un tẹ̀. Bó bá ti kọjá ìyẹn, ẹ kó o jọ síbi kan, òun ni ẹ máa kì sábẹ́ ilẹ̀ yàrá kí ẹ tó tẹ́ ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ẹ má dà á padà sínú àpòpọ̀ tuntun, bó ti wù kó pọ̀ tó.